Bẹ́ ẹ bá ń lọ wo Salvador ní Bahia, Brazil: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èbúté, ẹ má sáré

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a bá ti dé Salvador, ohun tá a máa ń ṣe ò ju pé ká wọ takisí lọ sí Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tó wà lókè ìlú, ká ya fọ́tò níwájú àwọn ilé aláwọ̀ mèremère yẹn, ká jẹ àkàrà kan, ká wá gbé e sórí Facebook pé àwọn èèyàn wa rè é o, ó tán, a ti padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Kò burú, àmọ́ ó máa ń dùn mí, torí ìlú yẹn ò ṣeé mọ̀ látòkè wá. Èbúté ló bí i. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí lókè, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi góòlù bò, ilé ńláńlá, ilé òrìṣà, ìlù, oúnjẹ, etí omi ni gbogbo ẹ̀ gbà wọlé, èjìká àwọn baba wa ni wọ́n sì fi ru ẹrù gun òkè. Torí náà bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ rìn ín nìyí: ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé òrìṣà á kẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ ó tó lọ ṣeré létí òkun.

1. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ò lè wọ Brazil láìgba físà, ẹ lọ bá wọn ní kọ́ńsúléètì wọn ní Èkó tàbí ẹ́ńbásì wọn ní Àbújá, ẹ má sì jẹ́ kí ìrìn ku ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú yellow card dání, bí Brazil ò bá tiẹ̀ béèrè ẹ̀, wọ́n á béèrè ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà wọ Nàìjíríà. Láti Èkó, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kẹ́ ẹ gba Addis Ababa lọ sí São Paulo kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ abẹ́lé dé Salvador, ìyẹn náà á tún ju wákàtí méjì lọ lófuurufú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Yúróòpù, Lisbon ló rọrùn jù torí ọkọ̀ máa ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Salvador tààrà. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà.

Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni oòrùn wọn máa ń mú, ìgbà yẹn náà ni ọdún ńláńlá wọn bọ́ sí, hòtẹ́ẹ̀lì á sì wọ́n. Oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò. Tó bá jẹ́ torí ilé òrìṣà lẹ ṣe ń lọ, ẹ yẹra fún àsìkò Lẹ́ńtì torí ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ló máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà yẹn, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló dáa jù fún irú ẹ̀.

Èdè Pọtogí ni wọ́n ń sọ. Ẹ má rò pé torí wọ́n ń fi èdè wa kọrin òrìṣà ẹ lè fi Yorùbá ná ọjà o, orin, àdúrà, orúkọ oúnjẹ àti orúkọ oyè ló ṣẹ́ kù lẹ́nu wọn. Ẹ wa Google Translate sórí fóònù, kẹ́ ẹ ti da èdè Pọtogí sínú ẹ̀ láti ilé kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Owó wọn ń jẹ́ real, káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ àmọ́ ẹ mú owó kéékèèké dání fún ọjà àti fún àwọn ìyá tó ń ta àkàrà.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń gbéra láti Èkó ni pé kó fi ọ̀sán kan rìn Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wálé, ní Lagos Island ná. Campos Square, òpópónà Bámgbóṣé, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 tó jẹ́ ẹni tó ti Brazil dé, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ, àti Water House ní Kakawa, ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tà sí Bahia nígbà tó wà lọ́mọdé tó sì padà wálé. Ẹ wo fèrèsé àwọn ilé yẹn dáadáa, ẹ wo iṣẹ́ ọ̀nà tó wà lára ògiri wọn. Tẹ́ ẹ bá dé Salvador, ojú yín á mọ̀ ọ́n.

2. Ìtàn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé sórí kẹ́ ẹ tó jáde

Tomé de Sousa, gómìnà àgbà àkọ́kọ́ tí ọba Pọtogí rán wá, ló tẹ ìlú náà dó ní 29 oṣù kẹta ọdún 1549. Olú ìlú Brazil ni títí di 1763 kí wọ́n tó gbé ìjọba lọ sí Rio de Janeiro. Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ ò ní fara sin fún yín tẹ́ ẹ bá dúró létí omi: òkun wọnú ilẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀ rẹpẹtẹ, ọkọ̀ ńlá lè fara pa mọ́ síbẹ̀ kí ìjì má bá a, òkè kan sì dúró gbọnrangandan lẹ́yìn èbúté, ẹni tó bá wà lórí ẹ̀ á ti rí ọ̀tá lókèèrè. Wọ́n wá kọ́ ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì sókè, wọ́n fi ọjà àti ọkọ̀ sísàlẹ̀, bó ṣe wà títí dòní nìyẹn, Cidade Alta lókè, Cidade Baixa nísàlẹ̀. Àwọn Dutch tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1624, ọdún kejì ẹ̀ ni wọ́n gbà á padà.

Ṣùgbọ́n ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni tábà. Ìrèké ló sọ Bahia di olówó lóòótọ́, àmọ́ tábà ló so wọ́n mọ́ etí òkun tiwa. Tábà tó dáa, Lisbon ni wọ́n ń kó o lọ. Èyí tí kò dáa tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi oyin ìrèké pa á lára, òun gan-an sì làwọn oníṣòwò ní Ouidah, Porto-Novo, Badagry àti Èkó ń wá lójú méjèèjì, òun ni wọ́n fi ń ra èèyàn. Àwọn ọkọ̀ yẹn ò gba Lisbon kọjá rárá, Salvador sí etí òkun wa, etí òkun wa sí Salvador, bí ẹni ń lọ ọjà tó ń bọ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wá ń wó, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 19, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lógun, èbúté Salvador ni wọ́n já wọn sí. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ìjọba Brazil fòfin de òwò náà ní 1831, ẹnikẹ́ni ò kà á sí, ó di 1850 kó tó dáwọ́ dúró lóòótọ́, oko ẹrú fúnra ẹ̀ ò sì tán níbẹ̀ títí di 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888.

3. Etí omi, láàárọ̀

Ẹ tètè jáde kí oòrùn tó le, ẹ ní kí Uber já yín sí Comércio níwájú ọjà Mercado Modelo. Ẹ kọjú sí omi ná. Ilé ogun róbótó tẹ́ ẹ rí láàárín omi yẹn ni Forte São Marcelo, láti sẹ́ńtúrì 17 ló ti wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ èbúté. Ẹ wá yíjú padà, ẹ wo òkè tó wà lẹ́yìn yín, ẹ fojú wọn bó ṣe ga tó, kẹ́ ẹ sì ronú pé gbogbo àpótí ṣúgà, gbogbo àgbá ọtí, gbogbo òkúta ilé, dùùrù, àga, títí kan olówó fúnra ẹ̀ tó jókòó sínú àga tí wọ́n ta aṣọ bò, orí àti èjìká èèyàn ni wọ́n fi ń gbé e gòkè.

Àwọn aláàrù yẹn lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa wọn. Ganhador ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹrú ni àwọn kan nínú wọn, wọ́n á ṣiṣẹ́ ní ìgboro, wọ́n á san iye kan fún olówó wọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tọ́jú láti fi ra ara wọn padà, àwọn míì sì ti gba òmìnira. Ọmọ Nàgó ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n máa ń kóra jọ ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tiẹ̀, orin ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1857, ìgbìmọ̀ ìlú gbé òfin kan jáde pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n máa fi irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí kọ́ ọrùn, kí ẹni tó ti gba òmìnira tún mú onídùúró wá. Wọ́n ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹrù kún èbúté, ọjà ò gòkè, olówó ò rí ẹni gbé e, gbogbo ìlú dúró pa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n mú owó yẹn kúrò. Ẹrú o, ẹrú ló da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ rò ó wò dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ inú Mercado Modelo lọ ra nǹkan.

Mercado Modelo fúnra ẹ̀, ilé kọ́sítọ́ọ̀mù ni nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1861, ọdún 1971 lọ́jà kó wọnú ẹ̀. Aṣọ léèsì, ìlẹ̀kẹ̀, igi gbígbẹ́, ìlù, ẹ ná an dáadáa. Wọ́n á sọ fún yín pé inú ilẹ̀ ilé yẹn, níbi tí omi máa ń kún sí, ni wọ́n ń kó ẹrú pa mọ́ sí. Ìtàn yẹn lókìkí gan-an, àmọ́ ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, òwò ẹrú ti parí ní 1850, torí náà ẹ má kàn gbé e mì. Ìyà tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté yẹn tó bí ó ṣe tó, kò nílò àfikún.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Conceição da Praia, láti ilẹ̀ Pọtogí ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta ẹ̀ wá nínú ọkọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wo àjà ẹ̀, ẹ jáde. Níbi èbúté yìí kan náà láwọn òṣìṣẹ́ tó ń já ẹrù ọkọ̀ ti dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949, ọdún kejì tí wọ́n pa Gandhi ní Íńdíà. Tó bá jẹ́ àsìkò carnival lẹ lọ, ẹ ó rí wọn, ọkùnrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú aṣọ funfun àti láwàní, ìlẹ̀kẹ̀ funfun pẹ̀lú búlúù lọ́rùn, agogo ń dún, ìlù ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì ń lù. Ọmọ Iléṣà tó bá gbọ́ ọ kó máa mira ó le o.

Láti gòkè, ẹ wọ Elevador Lacerda, lífìtì tí wọ́n ṣí ní 1873, ó ga tó mítà 72, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fi dé òkè. Tí wọ́n bá ń tún un ṣe, Plano Inclinado Gonçalves wà nítòsí, ọkọ̀ tó ń gun òkè lórí irin. Ẹ má fẹsẹ̀ gun Ladeira da Montanha, pàápàá tí èrò ò bá sí lọ́nà, wọ́n máa ń jalè níbẹ̀.

4. Gbàgede tó wà lókè lífìtì

Tẹ́ ẹ bá jáde nínú lífìtì ẹ má tíì tẹ̀ lé èrò lọ sí Pelourinho. Ilé tó ní òpó rìbìtì-rìbìtì nísàlẹ̀ tó wà ní gbàgede yẹn ni Câmara Municipal, ilé ìgbìmọ̀ ìlú láti sẹ́ńtúrì 17, inú ẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n wà láyé àtijọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, bàbá àgbàlagbà kan wà nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, Pacífico Licutan, Bilal lorúkọ mùsùlùmí ẹ̀, ọmọ Nàgó, àáfà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Olówó ẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n wá gbẹ́sẹ̀ lé e bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, wọ́n fẹ́ tà á. Àwọn mùsùlùmí ẹgbẹ́ ẹ̀ ti dá owó láti rà á sílẹ̀ rí, olówó ẹ̀ kọ̀.

Ìparí ààwẹ̀ Ramadan ni àwọn mùsùlùmí yẹn mú láti dìtẹ̀, 25 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ aráàlú máa wà lọ́dún ní ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Àṣírí tú lálẹ́ 24. Àwọn ọlọ́pàá lọ kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Ladeira da Praça, òpópónà tó sọ̀ kalẹ̀ láti gbàgede yìí gan-an, níbi tí Manoel Calafate, àáfà kan, ń gbé, àwọn ọkùnrin inú ilé sì bẹ́ jáde tìdà tìdà, nínú aṣọ funfun, tírà lọ́rùn wọn. Ẹ̀wọ̀n yìí ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù láti tú Licutan sílẹ̀. Wọn ò rí i ṣe. Wọ́n ja gbogbo ìlú já ní òru yẹn, wọ́n dé ìsàlẹ̀ ní Água de Meninos, níbi tí bárékè àwọn ológun ẹlẹ́ṣin wà, ibẹ̀ ni ìbọn ti ṣẹ́gun wọn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta èèyàn ló jà, ó lé ní àádọ́rin tó kú. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na ọ̀pọ̀ ní ẹgba, wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú, àwọn tí ẹ̀rù sì bà kó ẹrù wọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ìdílé Àgùdà tó wà ní Èkó, Porto-Novo àti Ouidah lónìí, ìyọnu tó tẹ̀ lé alẹ́ yẹn ló dá wọn padà.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ladeira da Praça díẹ̀ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ padà gòkè, ẹ gba Rua Chile lọ sí Praça Castro Alves, kò jìnnà, ẹ sọ̀ sí Barroquinha lábẹ́ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ti di ibi eré àti àṣà báyìí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn làwọn ìyá wa ti dá ilé òrìṣà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí lọ síbi tó wà lónìí. Orúkọ tí wọ́n ń dá ni Ìyá Nàsó, Ìyá Dẹ́tà, Ìyá Kálà. Ẹni tó bá mọ ààfin Ọ̀yọ́ mọ̀ pé Ìyá Nàsó ló ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin, torí náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ni wọ́n kó lẹ́rú yẹn.

5. Pelourinho

Báyìí ẹ lè lọ ya fọ́tò. Òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba ni wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti 1985. Igreja de São Francisco, ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà yẹn, apá kan nínú àjà ẹ̀ já lulẹ̀ ní oṣù kejì 2025, ó pa obìnrin kan tó wá ṣèbẹ̀wò, wọ́n sì tì í pa, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i kẹ́ ẹ tó fi sínú ètò yín.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí ni Rosário dos Pretos, aláwọ̀ búlúù tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Largo do Pelourinho. Ẹgbẹ́ àwọn èèyàn dúdú, ẹrú àti ẹni òmìnira, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1704, àsìkò ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì tó ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó parí. Tẹ́ ẹ bá wà nílùú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ lọ síbi máàsì ìrọ̀lẹ́ wọn, ìlù àti agogo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Cruzeiro de São Francisco, ilé Sociedade Protetora dos Desvalidos ṣì wà, ẹgbẹ́ alájọ tí àwọn èèyàn dúdú dá sílẹ̀ ní 1832, aláàrù ni Manoel Victor Serra tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń dá owó láti ra èèyàn sílẹ̀, láti sìnkú, láti tọ́jú aláìsàn.

Mùsíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí mo lè ní kẹ́ ẹ má fò ni Museu Afro-Brasileiro ní Terreiro de Jesus, inú ilé ìwé ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Brazil. Carybé, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà kan, gbẹ́ àwọn òrìṣà sára pákó kédárì 27 níbẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, Ògún, Ọ̀ṣun, Ọbalúayé, Èṣù, gbogbo wọn pẹ̀lú irinṣẹ́ àti ẹran wọn. Ẹ fún un ní wákàtí kan. Casa do Benin náà dáa, nǹkan tí Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó jọ láti etí òkun wa ló wà níbẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Ẹ máa fi sápò, ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yàwòrán, ẹ dá a padà. Góòlù ọrùn kó wà nílé. Lálẹ́ ojú ọ̀nà tí èrò wà ni kẹ́ ẹ máa gbà.

6. Àkàrà

Ìrọ̀lẹ́ làkàrà máa ń gbóná. Àwọn ìyá tó wọ aṣọ funfun pẹ̀lú gèlè lẹ ó bá nídìí ẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n bó, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, acarajé ni wọ́n ń pè é, ìjọba sì ti ka iṣẹ́ wọn mọ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè láti 2005. Tiwọn tóbi ju tiwa lọ, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti omi àgbọn tí wọ́n fi epo rò pọ̀, wọ́n á fi caruru sí i, ìyẹn ọbẹ̀ ilá, edé gbígbẹ tún máa wà lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè pé quente, ata ni wọ́n ń bi yín. Abará ni irú ẹ̀wà kan náà tí wọ́n sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Rio Vermelho àti Itapuã lókìkí fún un. Ẹ kí ìyá náà dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ yà á ní fọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ òrìṣà ni, iṣẹ́ Ọya ni wọ́n ka àkàrà sí.

7. São Joaquim, lẹ́yìn náà Bonfim

Ìsàlẹ̀ lẹ tún padà sí, ẹ wọ takisí lọ sí Feira de São Joaquim láàárọ̀. Ọjà yìí, Água de Meninos ló wà tẹ́lẹ̀, ibi tí ogun àwọn mùsùlùmí yẹn parí sí, iná jó o ní 1964 wọ́n wá ṣí i wá síbí. Epo pupa nínú ìgò, ewé tútù òkìtì-òkìtì, obì, orógbó, ìkòkò amọ̀, ewúrẹ́, àdìyẹ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló jọ ilé jù nínú gbogbo Salvador, òórùn ẹ̀ nìkan ti tó.

Láti ibẹ̀ ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim lórí òkè. Ẹ ó rí àwọn okùn aláwọ̀ tí wọ́n so mọ́ géètì, wọ́n á ta kókó mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kan. Ní Ọjọ́bọ̀ kan láàárín oṣù kìíní, èrò máa ń fẹsẹ̀ rìn nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ láti Conceição da Praia wá síbí nínú aṣọ funfun, àwọn ìyá á ru omi olóòórùn dídùn nínú ìkòkò, wọ́n á fi fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Bíṣọ́ọ̀bù ti fòfin dè wọ́n láti sẹ́ńtúrì 19 pé wọn ò gbọ́dọ̀ fọ inú ẹ̀ mọ́, wọ́n bá ń fọ ìta. Òṣàlá ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ bo orí yín, oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣeré.

8. Ilé òrìṣà

Ibi tẹ́ ẹ ti máa fara balẹ̀ jù nìyí. Casa Branca, tó ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká, wà ní Avenida Vasco da Gama, òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Brazil kà mọ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè, ní 1984. Gantois wà ní Federação, ilé ìyálórìṣà Mãe Menininha tó kú ní 1986. Ilê Axé Opô Afonjá wà ní São Gonçalo do Retiro, Mãe Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910, ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò, ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan wà láyè ara ẹ̀, ilé ìwé ọmọdé wà nínú ẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù kan náà wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ohun Láíláí. Ẹni tó ran Mãe Aninha lọ́wọ́ láti ṣètò oyè àwọn ọba Ṣàngó méjìlá níbẹ̀ ni Martiniano do Bonfim, ọmọ tí wọ́n bí ní Salvador tí bàbá ẹ̀ rán wá sí Èkó ní 1875, ọdún 1886 ló tó padà, ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ ilẹ̀.

Ọ̀sán lẹ lè lọ kí wọn, ẹ pè ṣáájú. Tó bá jẹ́ ọdún lẹ fẹ́ wò, gbogbo ayé ló lè wá, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹni tó bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ohun tó ń tà gan-an. Casa Branca máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Corpus Christi, ọdún àwọn Kátólíìkì, Ṣàngó á tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù kẹfà. Ẹ wọ funfun tàbí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, dúdú kọ́, ṣòkòtò péńpé kọ́. Ọkùnrin ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, obìnrin ní tiwọn, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi yín sí, ẹ má gba àárín kọjá, ẹ má yọ kámẹ́rà rárá, ẹ pa ohùn fóònù. Tí ìyálórìṣà bá jáde tí gbogbo ilé dìde, ẹ dìde. Òru ló máa parí, ẹ ti bá onítakisí kan sọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù: ẹ má lọ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa wí pé báyìí kọ́ la ṣe ń ṣe é nílé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, inú mi ò dùn sí i. Ọlọ́pàá ló ń kó ìlù wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì mú un dé òní pẹ̀lú oríkì, pẹ̀lú ewé, pẹ̀lú ìlànà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tiwa ti jẹ́ kí ìsìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ rọ. Ẹ kí ìyá, obìnrin kó kúnlẹ̀, ọkùnrin kó dọ̀bálẹ̀, wọ́n mọ ohun tó jẹ́. Tí wọ́n bá kọrin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbè é, ẹ ó rí bí ojú wọn á ṣe tàn.

9. Omi ló kù

Farol da Barra, ilé ogun létí òkun tó ní iná atọ́nà ọkọ̀ lórí, ẹ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ Sacramento ló rì níwájú etíkun ìlú náà ní 1668, ní 1698 wọ́n kọ́ iná tó ń júwe ọ̀nà sórí ilé ogun yẹn, mùsíọ́ọ̀mù òkun wà nínú ẹ̀. Dique do Tororó, adágún tí Tatti Moreno gbé ère òrìṣà mẹ́jọ sórí omi ẹ̀ ní 1998, ẹ yà á wò lọ́nà. Ní 2 oṣù kejì, Rio Vermelho ni gbogbo ìlú máa wà fún ọdún Yemọja, àwọn apẹja ló ni ín, ìdájí ni wọ́n ti ń tò láti kó ẹ̀bùn síbẹ̀, nírọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ń gbé e wọ agbami. Òdòdó ni kẹ́ ẹ mú lọ, ẹ má mú rọ́bà àti ìgò, òkun ló ń kó gbogbo ẹ̀ jẹ.

Itaparica ló wà lódìkejì. Ọkọ̀ kéékèèké ń gbéra lẹ́yìn Mercado Modelo lọ sí Mar Grande, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò ń gbéra ní São Joaquim lọ sí Bom Despacho, nǹkan bíi wákàtí kan. Ọkọ̀ kéékèèké máa ń dúró tí omi bá fà, ẹ béèrè ìgbà tí ti ìkẹyìn ń padà kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Eégún wà ní erékùṣù yẹn, ní Ponta de Areia, Ilê Agboulá ni ilé wọn, àwọn ìdílé tó tọ́jú ẹ̀ ṣì wà nídìí ẹ̀. Ẹ má dá lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n mọ̀ mú yín wọlé, ẹ sì gbọ́ràn sáwọn ọ̀jẹ̀ tó di ìṣan mú lẹ́nu. Òru ni eégún máa ń jáde, ilẹ̀ ló sì máa mọ́ bá yín níbẹ̀, torí náà ẹ ti gba ilé tẹ́ ẹ máa sùn sí ní erékùṣù ọ̀hún kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀.